Sítáàndì Tí Ń Jó Lábẹ́ Alùpùpù
Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin sọ níwájú àpéjọ ọdún ẹgbẹ́ wa

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí àwa ará ẹ̀ka yìí sọ ohun tí ó kan ìrìnnà. A rò ó títí, a sì pinnu pé a kò ní sọ̀rọ̀ títì ọlọ́dà, nítorí ìjọba ni í ṣe títì. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ara wa ni a ó sọ. Sítáàndì àárín alùpùpù ni, pàápàá jù lọ èyí tí kì í dúró sókè jẹ́ẹ́ bí a bá ń gun alùpùpù lọ, tí í máa jó, tí í máa lu irin, tí ó sì ń kan ilẹ̀ nígbà mìíràn.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín pé àwọn ará Èkó kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Kí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó gbọ́. Ní ẹ̀ka ti wa yìí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa láti ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbé ìyá ọlọ́jà kan láti Agbójú wọ inú Festac. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí sítáàndì ti ń ké gbà-gbà-gbà lábẹ́ rẹ̀. Ó ya rọ́bà inú táyà, ó fi so ó mọ́ fírémù, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ náà rọ́bà já. Bí ó ti ń yà sí apá òsì tí alùpùpù sì tẹ̀, ẹsẹ̀ sítáàndì tí ó rọ̀ sílẹ̀ kan ọ̀dà, ó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, gbogbo wọn sì ṣubú. Eegun èjìká ọmọ wa kán; ìyá náà fi ojú gbá ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà kò fi lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì san owó tí ẹgbẹ́ yá a láti fi ra alùpùpù náà tán. Iye tí ì bá fi ra píìnì kan àti rọ́bà kékeré kan kò tó owó epo ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Festac rí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ibẹ̀ ti rí. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú náà nítorí àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni ilé rẹ̀ di ilé gbígbé fún ará ìlú. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn títì ńlá rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin wà. Ìlú tí a fi ara balẹ̀ yàwòrán rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún, ọ̀dà ti fọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn olùgbé sì ti fi símẹ́ńtì mọ gegele sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò wọn láti fi dá ọkọ̀ lọ́wọ́ eré. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, títì ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba tún fi òfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò sí nínú mẹ́fà náà. A kò wá bá ìjọba jiyàn lónìí, a sì bẹ àwọn ọmọ wa kí wọ́n pa òfin mọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé bí ọ̀kadà kò bá gbọdọ̀ gba títì ńlá, inú àdúgbò ni yóò máa rìn, inú àdúgbò gan-an ni kòtò àti gegele sì pọ̀ sí. Orí gegele ni sítáàndì ti ń kọ́ ijó.

(Ẹnìkan bi wá ní ìpàdé tí ó kọjá pé níbo ni orúkọ náà, ọ̀kadà, ti wá. Ilé iṣẹ́ bàálù kan tí ń jẹ́ Okada Air ni àwọn ará ìgboro fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bàálù náà kò fò mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré kiri.)

Ó yẹ kí a wo bí a ti ṣe sítáàndì yìí kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, tí irin kan dá ẹsẹ̀ méjèèjì lábùú. Irin gbọọrọ kan tí a ń pè ní píìnì gba ihò orí rẹ̀ àti ihò ìsàlẹ̀ fírémù kọjá. Lórí píìnì yìí ni ó ti ń yí sókè, tí ó ti ń yí sílẹ̀. Sípíríǹgì líle kan, tàbí méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, fi ẹnu kan kọ́ fírémù, ó sì fi ẹnu kejì kọ́ sítáàndì. Ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe é wà níbi tí wọ́n fi ìkọ́ náà sí. Bí sítáàndì bá wà nílẹ̀, sípíríǹgì ń fa á láti apá kan píìnì. Bí a bá gbé e sókè dé agbedeméjì, ó bọ́ sí apá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa á sókè. Nítorí náà sípíríǹgì kan náà ni ó di í mú nílẹ̀ tí ó sì di í mú lókè. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ sítáàndì rí mọ̀ ọ́n: yóò kọ́kọ́ le, yóò sì dé ibì kan tí òun fúnra rẹ̀ yóò fò. Níbi tí ó bá fò dé lókè, rọ́bà kékeré kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ ni ó gbà á dúró, lára fírémù tàbí lára sáléńsà.

Gbogbo ọ̀ràn náà kò ju píìnì, rọ́bà àti sípíríǹgì lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré rà. Sípíríǹgì tuntun a dákẹ́ ariwo fún ìgbà díẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé píìnì ti jẹ, sípíríǹgì tuntun náà yóò máa fa sítáàndì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò tí ó yẹ kí ó rí roboto yóò máa gùn bí ẹyin adìẹ, kò sì ní pẹ́ tí ariwo yóò fi padà wá ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọjọ́ náà, kì í ṣe píìnì nìkan ni a ó rà mọ́. A ó gbé fírémù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Báyìí ni kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a pa ẹ̀rọ, kí sáléńsà tutù, kí a fi alùpùpù dúró lórí sítáàndì ẹ̀gbẹ́ ní ibi títẹ́jú, kí ẹnìkejì sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí a fi ọwọ́ mú ẹsẹ̀ sítáàndì àárín, kí a mì í sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, píìnì tàbí ihò rẹ̀ ni ó ti jẹ. Lẹ́yìn èyí kí a fà á sílẹ̀ bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí ó padà gbà! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì dúró. Bí ó bá lọ sókè jù tí irin sì kan irin, rọ́bà ti bọ́. Bí ó bá ń fà padà tìrọ̀rùn bí arúgbó tí ń dìde lórí ìjókòó, ọ̀kan nínú ohun méjì ni: bóyá sípíríǹgì ti rẹ̀, bóyá ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ni ó há mọ́ píìnì. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ni kì í ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀, tí wọ́n á sì ní kí oníbàárà lọ ra sípíríǹgì. Ọ̀nà tí a fi í mọ̀ rọrùn. Kí a tú sípíríǹgì kúrò, kí a fi ọwọ́ yí sítáàndì nìkan. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, sípíríǹgì ni ó lẹ́bi. Bí ó bá ń ké, tí ó sì le, píìnì ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún gírísì.

Títú sípíríǹgì gan-an gba ìṣọ́ra, nítorí sípíríǹgì tí ó bá já gbà lọ́wọ́ ènìyàn lè fọ́ ojú. Ẹ má ṣe jókòó síwájú rẹ̀ tààrà, ẹ sì wọ awò bí ẹ bá ní. Ọgbọ́n kan wà tí ó dára ju fífi sùkúdíráfà yọ ọ́ lọ. Kí a fi ẹsẹ̀ tẹ sítáàndì sílẹ̀ kí sípíríǹgì na, kí a wá fi wọ́ṣà pẹlẹbẹ há àárín àwọn ìkákò rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Owó kọ́bọ̀ wa tí kò ra ohunkóhun mọ́ ní ọjà náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kéré tán, yóò tún rí ìwúlò. Bí a bá wá gbé sítáàndì sókè, wọ́ṣà kò ní jẹ́ kí sípíríǹgì súnkì, yóò sì bọ́ kúrò lórí ìkọ́ rẹ̀ láìsí ìjà. Ọ̀nà kan náà ni a lè gbà dá a padà. Ẹni tí kò bá ní wọ́ṣà lè fi okùn líle kọ́ ẹnu rẹ̀, kí ó fi fà á dé orí ìkọ́ nígbà tí sítáàndì bá wà lókè.

Nígbà tí sípíríǹgì bá ti wà lọ́wọ́ wa, ẹ wò ó dáradára. Sípíríǹgì tí ara rẹ̀ dá, bí a bá gbé e sílẹ̀ lásán, ìkákò rẹ̀ a máa fi ara kan ara pẹ́kípẹ́kí. Bí a bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láàrin wọn, ó ti na jù, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe kí a ra òmíràn. Ẹ wo ẹnu ìkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí irin ibẹ̀ bá ti tín-ín-rín nítorí fífi ara gbo, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e fún wẹ́dà kí ó jó o pọ̀. Ọ̀nà kan pàtó ni wọ́n gbà fi iná ṣe irin sípíríǹgì kí ó lè máa na kí ó sì máa padà. Iná wẹ́dà a ba ìṣe náà jẹ́, ibi tí a jó a sì gbẹ bí èèpo igi, yóò kán ní ọjọ́ tí a kò rò. Ẹ má sì ṣe gé e kúrú kí ó lè fà le sí i. Èyí tí a gé kò ní lè na tó bí ó ti yẹ, ìkọ́ ara fírémù ni yóò sì fà ya.

Ní ti píìnì, kí a yọ ọ́, kí a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí a fi àkísà nu inú ihò rẹ̀ títí ìdọ̀tí dúdú yóò fi tán. Ẹrẹ̀ Festac ní àkókò òjò kì í ṣe ẹrẹ̀ kékeré. A ti rí ihò píìnì tí iyanrìn kún bí ẹni pé a mọ̀-ọ́n-mọ̀ dì í. Bí píìnì bá ti ní kòtò lára tàbí tí apá kan rẹ̀ tín ju èkejì lọ, kí a ra òmíràn tí ó bá ihò mu ṣìnkún. Bí alùpùpù bá ní bọ́ọ̀ṣì nínú ihò, bọ́ọ̀ṣì ni kí a pààrọ̀. Bí ihò fírémù fúnra rẹ̀ bá ti gùn, iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì yọ irin nìyẹn: kí wọ́n lu ihò náà roboto kí ó fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì yọ bọ́ọ̀ṣì tí yóò wọ inú rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a jó irin mọ́ fírémù, kí a kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kí a sì gbé táǹkì epo kúrò. Lẹ́yìn náà kí a fi gírísì pa píìnì, kí a dá a padà, kí a fi píìnì kékeré tuntun dè é lẹ́nu. Ìṣó tí a tẹ̀ kì í ṣe píìnì. Bí ó bá sì jẹ́ nọ́ọ̀tì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, kí a má ṣe dè é títí sítáàndì yóò fi há. Ó yẹ kí ó máa yí láìmì.

Rọ́bà ni ó rọrùn jù, òun sì ni a máa ń kẹ́gàn jù. Ẹni tí kò bá rí i rà ní ọjà, kí ó gé e láti ara táyà tí ó ti gbó, kí ó lu ihò sí i, kí ó fi bóòtù dè é. Kí ó nípọn tó tí sítáàndì kò fi ní kan sáléńsà tàbí ṣéènì, ṣùgbọ́n kí ó má nípọn jù tí sítáàndì yóò fi rọ̀ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣéènì ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Sítáàndì tí kò ní rọ́bà lè máa lu ṣéènì ní gbogbo orí gegele, oníṣẹ́ yóò sì máa rò pé ṣéènì ni ó ń dún.

A mọ̀ pé àwọn kan kì í wá gbogbo wàhálà yìí. Wọ́n a ní kí wẹ́dà gé sítáàndì àárín kúrò pátápátá, ọ̀rọ̀ tán. A kò fi ara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn bá jò ní òru, orí kí ni a ó gbé alùpùpù lé? Àwọn fọganáísà ń fi òkúta àti àpótí bíà gbé e ró, a sì ti rí èyí tí ó yẹ̀ lórí òkúta tí ó wó lu ẹsẹ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti wọn bí ṣéènì ti dẹ̀ tó, tàbí kí a fi epo sí i, bí táyà ẹ̀yìn kò bá lè yí ní òfo. Ní ti rọ́bà inú táyà tí a fi ń so ó, a kò ní kí ẹnikẹ́ni tí sípíríǹgì rẹ̀ já ní Àbúlé Àdó má fi so ó délé ní ọjọ́ náà. Kí ó so ó, kí ó rọra máa lọ. Ṣùgbọ́n ooru sáléńsà a máa jẹ rọ́bà. Èyí tí a so lónìí kò ní jẹ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ó ku ohun tí ń ba sítáàndì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí sì kan ẹ̀yin ará ilé ju àwa lọ. Àpò símẹ́ńtì kan wọn kílò 50. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò méjì lé orí alùpùpù tí ó dúró lórí sítáàndì, tí ẹ̀yin fúnra yín sì tún gun un kí ẹ tó tì í sílẹ̀, ẹsẹ̀ irin yẹn ni ẹ ń tẹ̀. Irin tí ó bá ti tẹ̀ kì í bá rọ́bà pàdé mọ́, yóò sì máa jó bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sípíríǹgì àti píìnì tuntun ni ó ní. Bákan náà ni ti iṣu láti oko. Kí ẹnìkan di alùpùpù mú lórí táyà rẹ̀ méjèèjì, kí ẹlòmíràn máa di ẹrù. Kí a má sì ṣe jókòó lé e lórí sítáàndì máa fi ṣe àga ìtàkúrọ̀sọ. Àwọn ọmọ wa ní ibùdókọ̀ Alákijà mọ ara wọn.

Ẹ̀yin ará wa ní London àti ní Amẹ́ríkà, tí ẹ máa ń bi wá pé kí ni kí ẹ fi ránṣẹ́, a dúpẹ́. Àmọ́ kí ẹ má ṣe ra sípíríǹgì alùpùpù ńlá ti ọ̀dọ̀ yín fún wa. Bajaj Boxer àti TVS láti ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gùn, sípíríǹgì tí ó bá gùn tàbí tí ó le jù kò sì wúlò fún wọn. Ohun tí ó ṣe wá láǹfààní ni awò tí í bo ojú níbi iṣẹ́, àti spánà tí ó péye. Ẹ̀yin ará Kútọnù, níbi tí àwọn zémídjan ti ń wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀ràn yín àti tiwa dọ́gba. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ará Festac, ẹ̀yin náà ni a sọ ọ́ fún.

Nítorí náà ni ẹ̀ka wa ṣe mú àbá kan wá síwájú àpéjọ yìí. Láti ọdún tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó alùpùpù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú sítáàndì kan, kí ó sì dì í padà lójú àwọn tí a yàn. Kí a sì máa yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tí a yá a, fún píìnì, rọ́bà àti sípíríǹgì, kí ó wà lọ́wọ́ akápò títí yóò fi béèrè fún un. Akọ̀wé ti kọ àbá náà sílẹ̀. Ọwọ́ yín ni ó kù.

Alùpùpù mẹ́ta wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, méjì nínú wọn sì ń jó. A ti kó spánà, gírísì àti kọ́bọ̀ àtijọ́ sí orí tábìlì. Kí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ agbádá, kí wọ́n tẹ̀lé wa. Àwọn àgbà lè jókòó sí ibi òjìji kí wọ́n máa wò wá.